Sinimá Ìṣẹ́jú Méjì ní Òkè-Ìlá

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìjan mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń sá fún ìṣirò. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, tí tíṣà wọn, Rẹ̀mílẹ́kún Akínbọ́lá, sì ti dojú kọ pátákó, ọ̀kan nínú wọn á nawọ́ sókè.

"Tíṣà, ẹ sọ ti sinimá yẹn fún wa."

"Ẹ ti gbọ́ ọ rí."

"A ti gbàgbé, sà."

Rẹ̀mílẹ́kún á wo pátákó, á wo ojú fèrèsé, á sì gbé ẹfun sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àyọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí wọ́n bá ń ta ọ̀rọ̀ lọ́jà, kọ́bọ̀ kan ni ọkọ òun ìbá ná lọ́dún. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi ya sinimá ní Òkè-Ìlá ní ọdún 1931, ó lè sọ ọ́ fún wákàtí kan kó má sì tíì dé ìdajì.

Ọdún méje ti kọjá báyìí. Fíìmù náà kò sí nílẹ̀ mọ́. Ẹni tó ni ín ti gbé e lọ sí ìlú òyìnbó. Ìtàn rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ìjan ni wọ́n bí Rẹ̀mílẹ́kún sí. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí àrùn lùkúlùkú wọ ìlú, tó sì mú ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá ìyá rẹ̀ ló gbà á tọ́. Ọmọ Ògòtún ni ìyá àgbà yìí. Ọkọ ló gbé e wá sí Ìjan, òun náà sì gbé iṣẹ́ ẹní híhun tí wọ́n mọ àwọn ará Ògòtún mọ́ wá sílé ọkọ. Yèyé Ẹlẹ́ní ni gbogbo ayé ń pè é. Bí ọjà Adó bá ti ku ọ̀la, á ká ẹní méjìlá pọ̀, á fi okùn dì í, á gbé e karí ní ìdájí, ó di Adó. Ìrìn wákàtí mẹ́rin ni. Bó bá sì wọ Adó tán, ó tún ní òkè kan láti gùn kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Òkè-Ìlá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn yẹn nìkan ni Rẹ̀mílẹ́kún mọ̀ láti kékeré. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ẹ̀yìn Yèyé títí ìtì ẹní náà á fi kéré bí igi ìṣáná. Yèyé kò wẹ̀yìn wò rí. Ọmọ náà a máa rò ó pé bó ṣe ń lọ yẹn ló ṣe ń lọ títí dé Adó, bí ọfà tó ti kúrò lára ọrun.

Ìgbà tó di ọmọ ogún ọdún, tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Adó pẹ̀lú àwọn márùn-ún mìíràn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó fi èrò yẹn kọ ewì:

Ó gbé ẹní karí, ó kọjú sí Adó,
Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, kò wẹ̀yìn wò.
Òkè ga níwájú, kò bi òkè léèrè.
Ẹni tó mọ ibi tó ń lọ kì í dúró lọ́nà.

Ìlà kẹrin yẹn ló fẹ́ràn jù. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló tún un kọ kó tó gún. Ó ká ìwé náà, ó fi í pamọ́ sábẹ́ tábìlì, kò fi han ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù kẹta ọdún náà, òyìnbó tó ń bẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wò, Mísítà Páàkà, gbé àpótí kékeré kan tó ní ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá sí kíláàsì wọn. Ó ní kámẹ́rà tí ń ya àwòrán tó ń rìn ni. Rọ́ọ̀lù fíìmù kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ òun, ìṣẹ́jú méjì ni gbogbo rẹ̀. Ìsinmi òun ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí wọ́n fi fíìmù náà ṣe ohun kan tó jẹ́ tiwọn. Òun á gbé e lọ fọ̀ ní ìlú òun, òun á sì gbé e padà wá nígbà ìkórè.

Bámidélé Ọláoyè dìde. Òun ló ga jù láàrin wọn, òun ló sì ń pariwo jù.

"Ogun ni ká ṣe, sà. Èmi ni màá jẹ́ balógun."

"Kó tó wọ ẹ̀wù ogun tán, fíìmù á ti tán," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn.

Mísítà Páàkà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n wá ohun tó ní ènìyàn kan àti ọ̀nà kan. Bámidélé na apá rẹ̀ gígùn, ó fa ìwé Rẹ̀mílẹ́kún yọ lábẹ́ tábìlì, ó sì kà á sókè kí ẹni tó kọ ọ́ tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ènìyàn kan rèé, sà," ló wí. "Ọ̀nà kan sì rèé."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti Yèyé Ẹlẹ́ní nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, Rẹ̀mílẹ́kún fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìjan. Ó bá Yèyé lórí ìjókòó, ẹsẹ̀ ọ̀tún nà gbọọrọ, tó ń fi òrí pa orúnkún.

"Yèyé, wọ́n fẹ́ ya àwòrán yín. Èyí tó máa ń rìn ni."

"Kí ni wọ́n ní kí n ṣe?"

"Kí ẹ gbé ẹní, kí ẹ máa gun òkè Òkè-Ìlá bí ẹ ṣe máa ń gùn ún."

"Uṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ yín nílé-ìwé nìyí?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, Àkànmú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tètè ṣe é. Bí mo bá ti ta ẹní tó wà nílẹ̀ yìí, ó parí. Orúnkún yìí ti ní òun ò gun òkè mọ́. Ulé ni màá máa jókòó sí, ẹni tó bá fẹ́ ẹní á wá bá mi."

Rẹ̀mílẹ́kún wo orúnkún náà. Ìyá rẹ̀ kò ya fọ́tò rí kó tó kú. Nígbà mìíràn, bó bá di ojú, ó máa ń wá ojú ìyá rẹ̀ lọ́kàn, gèlè nìkan ni yóò rí. Kò fẹ́ kí Yèyé náà parẹ́ lọ́kàn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò ka fíìmù náà sí iṣẹ́ kíláàsì mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí Yèyé máa gun òkè yẹn, ìṣẹ́jú méjì péré ló sì wà nínú àpótí.

Ọwọ́ kámẹ́rà ni wàhálà àkọ́kọ́. Yíyí ni wọ́n ń yí i, kò gbọdọ̀ yá, kò gbọdọ̀ falẹ̀. Mísítà Páàkà ní kí wọ́n fi òfìfo dán an wò. Bámidélé yí i bí ẹni tó ń fa omi kànga tí iná ń jó ilé rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún yí i bí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́. Òyìnbó náà mi orí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ wo ojú ọ̀nà, wọ́n gbọ́ ìró maṣínì Mọ́rúfù télọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Maṣínì ọlọ́wọ́ ni. Ọwọ́ òsì ló fi ń darí aṣọ, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń yí maṣínì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìró náà kì í yẹ̀. Mísítà Páàkà dúró, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó sì wo aago ọwọ́ rẹ̀. Bámidélé kò dúró kí òyìnbó sọ̀rọ̀.

"Bùrọ̀dá Mọ́rúfù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yí nǹkan."

Mọ́rúfù yí kámẹ́rà náà síwá sẹ́yìn. "Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dà?"

"Kò ní abẹ́rẹ́."

"Kí ló wá ń rán?"

Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, aṣọ ìyàwó wà nílẹ̀. Kí wọ́n gbé àpótí wọn wá bá òun. Ibẹ̀ náà ló sì dára jù. Àárín òkè gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ẹni tó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ń rí ọ̀nà láti ìsàlẹ̀ títí dé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè téńté.

Bámidélé ru ìtì igi kan, ó rìn ín láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Aago Mísítà Páàkà ní ìṣẹ́jú méjì ó dín díẹ̀. Fíìmù á tó, bí Yèyé kò bá dúró.

"Bí wọ́n bá kí i ńkọ́?" ni Rẹ̀mílẹ́kún béèrè.

"Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi," ni Bámidélé wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ sinimá náà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé kìíní ní ìsàlẹ̀ òkè, ó ń ya ilé dé ilé. Ó dé ọ̀dọ̀ Mọ̀dínátù, ìyá Mọ́rúfù, níbi tó ti ń fẹ́ ẹ̀wà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá wa. Lọ́la, bí Yèyé Ẹlẹ́ní bá ń kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí i."

"Kí n má ṣe kí ni?"

"Ẹ má kí i. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ ilé-ìwé ni." Ó ti di ilé tó tẹ̀ lé e.

Lára ohun tí Rẹ̀mílẹ́kún máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni pé ẹ̀bi yẹn kì í ṣe ti Bámidélé nìkan. Gbogbo wọn ni wọ́n jókòó wọn ìrìn, wọ́n wọn oòrùn, wọ́n wọn ọ̀nà. Ọmọ Èkìtì ni gbogbo wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó rántí pé wọn kì í ní kí ènìyàn má kí ènìyàn láìnídìí. Ẹni tí wọ́n bá ní kí ìlú má kí, ó ti ṣe nǹkan. Kí wọ́n tó jẹun alẹ́ ní Òkè-Ìlá, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Àwọn kan ní ìjọ ló fẹ́ yọ Yèyé lẹ́gbẹ́. Àwọn kan ní òyìnbó ló rí ìdun nínú ẹní rẹ̀.

Ogún ọdún ni Mọ̀dínátù ti ń sùn lórí ẹní Yèyé. Inú bí i.

"Ìdun? Nínú ẹní wo? Kí èmi rí Yèyé Ẹlẹ́ní kí n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́? Wọn ò tíì bí ẹni tó máa rán mi nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀!"

"Màámi," ni Mọ́rúfù wí, "sinimá ni."

"Ta ni Sinimá? Kí òun náà jáde wá lọ́la, kó wá gbọ́ bí mo ṣe ń kí ènìyàn!"

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Yèyé yọ ní ìsàlẹ̀ òkè, ìtì ẹní náà gùn gbọọrọ lórí rẹ̀. Mísítà Páàkà ju ọwọ́ sílẹ̀. Mọ́rúfù bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Yèyé kò tíì gbé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn ilé kìíní ṣí.

"Yèyé, ẹ kú ọ̀nà o! Ẹ kú ìrìn! Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Yèyé dúró. "Àlàáfíà ni, ọmọ mi. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ó kúrò níbẹ̀. Ilé kejì, ènìyàn mẹ́ta ló jáde. Níwájú ilé kẹta, àwọn bàbá méjì tí wọn kì í dìde fún ẹnikẹ́ni dìde lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún èlùbọ́ kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń kí ẹní rẹ̀, wọ́n ń kí àwọn ará Ìjan. Yèyé ń dúró, ó ń dáhùn, ó ń béèrè.

Bámidélé tẹ̀ba, ó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà kó má baà wọ inú àwòrán. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ!"

Yèyé gbọ́ ohùn lẹ́yìn, ó yíjú. Ẹni tó bá ru ìtì ẹní kì í dá ojú nìkan yí. Gbogbo ìtì náà bá a yí, ó gbá fìlà Bámidélé lórí, fìlà di inú gọ́tà.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni Yèyé wí, ó sì tún dúró bá a kẹ́dùn.

Mọ́rúfù ń yí i lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, wọn kò sì tíì sọ fún un kó dáwọ́ dúró. Rẹ̀mílẹ́kún dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka ìdúró Yèyé. Ó ti pé mẹ́jọ nígbà tí Mọ̀dínátù jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, tó na ọwọ́ méjèèjì.

"Yèyé Ẹlẹ́ní! Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú òkè, ẹ kú oòrùn! Ṣé mo kí yín, àbí mi ò kí yín?"

"O kí mi, Mọ̀dínátù."

"Kí gbogbo ayé gbọ́ o! Kí Sinimá náà gbọ́!"

Yèyé wò ó, kò mọ ohun tó ń bí i nínú, ẹ̀rín sì pa á. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni nǹkan ti dún tàk nínú kámẹ́rà. Fíìmù ti tán. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lókè níbẹ̀, ìdajì òkè ló kù.

Bámidélé dé, omi ń kán lára fìlà rẹ̀. "Ilé dé ilé ni mo sọ fún wọn. Ilé dé ilé!"

"A rí i," ni Mọ́rúfù wí, ó sì padà sídìí aṣọ ìyàwó.

Yèyé ta ẹní méjìlá tán lórí òkè yẹn kí ọ̀sán tó pọ́n, nítorí olúkúlùkù ló fẹ́ fi hàn pé òun kò gba ọ̀rọ̀ ìdun gbọ́. Inú rẹ̀ dùn lọ sílé. Rẹ̀mílẹ́kún ní tirẹ̀ kò lè jẹun. Ohun tó fẹ́ gbé pamọ́ ni ìrìn Yèyé, ìdúró ni wọ́n bá pàdé. Yèyé kò sì tún ní gun òkè náà mọ́.

Oṣù méje ni wọ́n fi dúró. Ní ọ̀sẹ̀ ìkórè, Mísítà Páàkà dé pẹ̀lú fíìmù àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó. Ẹ̀rọ yẹn náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, nítorí náà wọ́n ránṣẹ́ sí Mọ́rúfù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé kíláàsì. Àwọn ará Òkè-Ìlá gbé ẹní wá láti ilé, wọ́n fi bo gbogbo fèrèsé, ilé ṣókùnkùn. Lọ́rì gbé Yèyé wá láti Ìjan, wọ́n fi í sórí àga iwájú. Iná káábáìdì inú ẹ̀rọ náà tàn. Rẹ̀mílẹ́kún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri. Òun ni yóò ka ewì bí àwòrán ṣe ń lọ.

Yèyé yọ lórí aṣọ, pẹ̀lú ẹní rẹ̀. Ilé pariwo.

"Ó gbé ẹní karí," ni Rẹ̀mílẹ́kún bẹ̀rẹ̀, "ó kọjú sí Adó. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì…"

Lórí aṣọ, Yèyé wo ọ̀tún, ó dúró. Ẹ̀rín sọ. Rẹ̀mílẹ́kún mú sùúrù kó máa lọ. Ó lọ díẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún lanu. Yèyé wo òsì, ó dúró.

Ó gbìyànjú ìlà kẹrin. "Ẹni tó mọ ibi tó ń lọ…" Àwọn bàbá méjì ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, Yèyé sì ti ń béèrè oko lọ́wọ́ wọn. Ó ká ìwé rẹ̀.

Ìgbà tó dákẹ́ ni ohùn mìíràn dìde lẹ́yìn. Obìnrin ilé kìíní ni. Ó ti rí ẹnu ara rẹ̀ tó ń ṣí lórí aṣọ láìní ohùn, kò sì lè mú un mọ́ra.

"Yèyé, ẹ kú ọ̀nà o! Ẹ kú ìrìn!"

Yèyé dá a lóhùn láti orí àga. "O o! Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ni gbogbo ilé bá gbà á. Olúkúlùkù tó bá ti rí ara rẹ̀ ń kígbe ìkíni rẹ̀, Yèyé sì ń dáhùn bó ṣe ń bọ̀. Nígbà tí fìlà Bámidélé di inú gọ́tà, wọ́n lu àga. Bámidélé dìde, ó tẹrí ba fún wọn bí balógun.

"Èmi nìyẹn!" ni Mọ̀dínátù ké. "Ṣé bí mo ṣe sanra tó nìyẹn? Mọ́rúfù, báwo lo ṣe yí mi?"

Ibẹ̀ ni Rẹ̀mílẹ́kún ti gbójú sókè. Ojú Yèyé ti kún gbogbo aṣọ funfun náà. Ó dúró níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, ó yíjú sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín: àlàfo eyín òkè, ìlà tó wà létí ojú, òógùn ní iwájú orí, gbogbo rẹ̀ ló hàn. Bó bá jẹ́ pé bí ọfà ló kọjá gẹ́gẹ́ bí ewì ti wí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lásán ni wọn ìbá rí, lábẹ́ òjìji ẹní. Lẹ́yìn náà, aṣọ funfun pátápátá.

"Ẹ tún un yí!" ni wọ́n ké. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni Mọ́rúfù yí i. Rẹ̀mílẹ́kún kò wo ibòmíràn ju ojú yẹn lọ.

Nígbà tí ilé tú, ó bá Yèyé jókòó níta, níbi tí wọ́n ti ń dúró de lọ́rì.

"Yèyé, ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án lẹ dúró lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án péré? Ara mi yá gidi nìyẹn."

"Mo rò pé ẹ kì í dúró."

Yèyé wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ ọwọ́. "Ta ló sọ fún ọ? Òkè yẹn ga, Àkànmú. Bí arúgbó tó ru ẹní bá kàn dúró sójú ọ̀nà, wọ́n á ní agbára rẹ̀ ti pin. Ṣùgbọ́n bó bá dúró kí ènìyàn, wọ́n á ní ọmọlúwàbí ni. Ìkíni ni mo fi ń sinmi lórí òkè yẹn láti ogún ọdún. Màá béèrè ọmọ, màá béèrè ọkọ. Bí orúnkún bá ṣì ń ro mí, màá béèrè ewúrẹ́."

Rẹ̀mílẹ́kún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tú ìwé rẹ̀, ó fa pẹ́ńsù yọ. Ó fa ìlà kẹrin rẹ́, ó kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀, ó sì kà á fún un:

"Ó dúró lórí òkè, ó béèrè ewúrẹ́."

Yèyé gbọ́ ọ, ó ronú sí i.

"Ewúrẹ́ ta ni?"

"Ewúrẹ́ lásán ni, Yèyé. Ewì ni."

"Fi ti Mọ̀dínátù sí i. Ta ló ń béèrè ewúrẹ́ tí kò ní olúwa?"

Ó fi í sí i.